Sísin Sẹ́ẹ̀lì Ìsun Itọ́ ní Yàrá Ìwádìí: Àlàyé fún Àwa tí A Ń Kọ́ Àwọn Olùkọ́

Ìfáárà

Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò dé Sókótó tí wọn kò ní pa òwe kan fún: ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Àwa náà ti gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́ta kí a tó sọ ẹrù kalẹ̀ ní Wamakko fún ìpàdé yìí. A kò bínú sí i, nítorí pé òwe náà bá iṣẹ́ tí a gbé wá mu ju bí àwọn tó pa á ti rò lọ. Iṣẹ́ yìí dá lórí bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ń mú sẹ́ẹ̀lì láti ara ènìyàn, tí wọ́n ń sìn ín ní yàrá ìwádìí, pẹ̀lú ìrètí pé lọ́jọ́ kan wọn yóò dá a padà sí ara ẹni tí ó ni ín láti tún ibi tó bàjẹ́ ṣe. Ohun tí aláìsàn náà ń wá kiri, ẹnu rẹ̀ ni ó wà.

Sẹ́ẹ̀lì tí a ń wí ni èyí tí ń ṣe itọ́. A kì í sábà bọ̀wọ̀ fún itọ́. Ẹni tí ó tu ú sí ènìyàn lára ti wá ìjà. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tí itọ́ rẹ̀ gbẹ. Àwọn tó ti gba ààwẹ̀ nínú ooru ìlú yìí mọ díẹ̀ nínú rẹ̀: ahọ́n a lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, ọ̀rọ̀ a máa há sí ọ̀fun. Wọ́n mọ̀ pẹ̀lú pé bí oòrùn bá ti wọ̀, omi àti dàbínù yóò parí ìṣòro náà. Aláìsàn tí ìtànṣán ti pa ìsun itọ́ rẹ̀ kò ní ìgbà ìṣínu. Ó ń jí lóru mu omi, kò lè gbé tùwó mì láìfi ọbẹ̀ púpọ̀ tì í, eyín rẹ̀ sì ń jẹrà lọ́kọ̀ọ̀kan. Irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ilé-Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sókótó wà lára àwọn ibi tí a ti ń fi ìtànṣán tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ ní Nàìjíríà, bí UCH ní Ìbàdàn àti LUTH ní Èkó ti wà.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé kí ni olùkọ́ Yorùbá ń wá nínú ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì, a ó rán an létí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ọ̀rọ̀ tí a lè lò kò tán síbẹ̀. Àwa kì í ṣe onímọ̀ nípa sẹ́ẹ̀lì. Ìpín tiwa ni láti wá gbólóhùn tí yóò gbé ìmọ̀ náà láìdà á sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a yàn

Itọ́ ni a ń sọ, kì í ṣe ìtọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí a bójú tó iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ nígbà kan kò fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ka orí kejì yóò rò pé ìtọ̀ ni ènìyàn fi ń rin oúnjẹ kí ó tó gbé e mì. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a dín máàkì rẹ̀ kù.

Fún ẹ̀yà ara tí itọ́ ti ń jáde, àwọn kan ń lo kókó. Àwa kò fara mọ́ ọn níhìn-ín. Bí ẹ bá sọ fún ìyá kan pé ọmọ rẹ̀ ní kókó lábẹ́ àgbọ̀n, àìsàn ni yóò rò. A yan ìsun, nítorí pé ìsun omi ni ibi tí omi ti ń sun jáde nínú ilẹ̀ láìdáwọ́ dúró, iṣẹ́ kan náà sì ni ẹ̀yà ara yìí ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ kẹta fa àríyànjiyàn láàrin àwa fúnra wa. Ṣé gbígbìn ni a ń gbin sẹ́ẹ̀lì ni, tàbí sísìn ni a ń sìn ín? Ẹni tó gbin àgbàdo lè fi oko sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí òjò bá a tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó ń sin adìyẹ kò rí àyè bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀, ooru tí kò gbọ́dọ̀ pọ̀ jù tí kò sì gbọ́dọ̀ kéré jù wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àrùn tó lè wọlé lóru ọjọ́ kan kí ó sì kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì sún mọ́ ọlọ́sìn ju àgbẹ̀ lọ. Nítorí náà sísìn ni a mú.

Ìsun itọ́ àti iṣẹ́ rẹ̀

Ìsun itọ́ ńlá mẹ́ta ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan. Èyí tó tóbi jù wà níwájú etí. Ibẹ̀ gan-an ni ó máa ń wú bí ṣegede bá mú ọmọ, nítorí náà kò sí olùkọ́ tí yóò pẹ́ kí ó tó fi í han kíláàsì rẹ̀. Èkejì wà lábẹ́ egungun àgbọ̀n, ẹ̀kẹta wà lábẹ́ ahọ́n. Yàtọ̀ sí àwọn mẹ́fà yìí, àwọn kéékèèké tó 600 sí 1,000 wà káàkiri ètè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àjà ẹnu. Gbogbo wọn ń pèsè itọ́ tó lítà 0.5 sí 1.5 lójoojúmọ́. Bí a bá fi píọ̀-wọ́tà ọlọ́rá, tí ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ sẹ́ńtílítà 50, ṣe òṣùwọ̀n, ọ̀rá kan sí mẹ́ta nìyẹn, tí a ń gbé mì láìmọ̀.

Nínú itọ́ 100, omi kó 99. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù ni ó ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀: amylase tí ń sọ ìyẹ̀fun inú iṣu àti gààrí di ohun tó dùn, ohun tó ń yọ̀ tí ń jẹ́ kí oúnjẹ kọjá lọ́fun, àwọn iyọ̀ tí ń tún ojú eyín ṣe, àti àwọn èròjà tí ń pa kòkòrò àrùn.

Bí a bá fi awò amúǹkan-tóbi wo inú ìsun náà, yóò dà bí ìdì ẹyìn. Ẹyìn kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣù àwọn sẹ́ẹ̀lì aṣetọ́ tó yí ihò kékeré kan ká; àwọn ọpá inú ìdì náà ni ojú ọ̀nà tí itọ́ ń gbà dé ẹnu, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn sì tẹ́ ògiri rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan bí iṣan yí ìṣù náà ká láti fún un, okùn ìmọ̀lára sì ń mú àṣẹ wá láti ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tí òórùn dòdò fi ń mú kí ẹnu ènìyàn rin kí ó tó rí àwo.

Ohun kan wà níhìn-ín tí a fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń kà á dì mú, nítorí gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù dúró lé e. Sẹ́ẹ̀lì aṣetọ́ ní ojú, ó sì ní ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ kọ sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà, ojú rẹ̀ kọ sí ihò. Láti ẹ̀yìn ni ó ti ń fa iyọ̀ àti omi wọlé, láti ojú ni ó ti ń tì í jáde. Ní ojú yìí ni àwọn ilẹ̀kùn omi wà, èròjà purotéènì kan tí a ń pè ní aquaporin. Peter Agre, ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn méjì tó gba ẹ̀bùn Nobel fún kẹ́mísìrì ní ọdún 2003; àwárí ilẹ̀kùn omi yìí ni wọ́n torí rẹ̀ fún un. Bí sẹ́ẹ̀lì kan kò bá mọ ojú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn mọ́, ó lè wà láàyè, ó lè máa bí sí i, ṣùgbọ́n itọ́ kò ní sun.

Bí ìsun ṣe ń gbẹ

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló lè mú kí ẹnu gbẹ: oògùn kan, ọjọ́ ogbó, àti àìsàn Sjögren tí ara fi ń bá ìsun itọ́ àti ìsun omijé tirẹ̀ jà. Èyí tó le jù ni ìtànṣán tí a fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ ọ̀fun, ahọ́n tàbí ihò imú. A máa ń pín ìtànṣán náà sí bíi ìgbà 30 sí 35 láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje, kí ara tó kù lè máa sinmi láàrin. Ìsun itọ́ kì í sinmi tó. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an ni itọ́ ti lè dín kù tó ìdajì, bí ìwọ̀n tó bá a bá sì kọjá ààlà kan, kò ní padà wá. Dókítà kò ṣe àṣìṣe. Ìsun náà wà lójú ọ̀nà ni. Àwọn ẹ̀rọ tuntun wà tó lè darí ìtànṣán kúrò lára ìsun iwájú etí, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́n, ibi tí jẹjẹrẹ bá sì jókòó sí ni yóò sọ bóyá wọ́n á ṣe é lò.

Oògùn kan wà tí a ń pè ní pilocarpine, tí a rí lára ewé jaborandi ní ilẹ̀ Brazil. Ó ń gún sẹ́ẹ̀lì aṣetọ́ ní kẹ́sẹ́ pé kí ó ṣiṣẹ́. Bí sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ bá ṣẹ́kù, ó ń ṣèrànwọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti kú, ta ni yóò gún? Ìbéèrè yìí ni ó mú kí àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ronú sísin sẹ́ẹ̀lì tuntun.

Bí a ṣe ń sìn ín

Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni ègé kékeré láti inú ìsun itọ́ ènìyàn, tí a sábà máa ń rí nígbà tí oníṣẹ́ abẹ bá ń ṣiṣẹ́ ní ọrùn aláìsàn fún ìdí mìíràn, tí aláìsàn náà sì ti fọwọ́ sí i. Ní orílẹ̀-èdè wa, Òfin Ìlera ti ọdún 2014, ní abala 48, béèrè ìyọ̀ǹda ẹni náà kí a tó mú ìṣù ara tàbí ẹ̀jẹ̀ láti ara rẹ̀. Wọn a gbé ègé náà sínú omi tútù tó ní oògùn apakòkòrò, wọn a sì gé e wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò da ẹ́ńsáìmù lé e, èyí tí yóò jẹ okùn tó so àwọn sẹ́ẹ̀lì pọ̀. Wọn a sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì, kí pàǹtí kù sókè kí sẹ́ẹ̀lì sì kọjá.

Ohun tó kọjá yìí ni wọ́n ń dà sínú àwo oníke pẹlẹbẹ pẹ̀lú oúnjẹ olómi: ṣúgà, iyọ̀, àwọn fítámì, èròjà purotéènì, àti lọ́pọ̀ ìgbà omi ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù. Àwo náà wọ inú àpótí tó dà bí ẹ̀rọ tí a fi ń pa ẹyin adìyẹ. Ooru rẹ̀ jẹ́ 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bí ti ara ènìyàn gẹ́lẹ́. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ní carbon dioxide ìdá márùn-ún nínú 100, kí oúnjẹ olómi náà má baà kan tàbí kí ó korò. Ọ̀pọ̀ oúnjẹ yìí ní aró tó pupa. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ti jẹun tí ìdọ̀tí wọn sì pọ̀, àwọ̀ náà a di yẹ́lò, ìyẹn ni ọlọ́sìn fi ń mọ̀ pé ó yẹ kí òun pààrọ̀ oúnjẹ. Gbogbo èyí fẹ́ iná mànàmáná tí kì í lọ. Àwọn tí a jọ ń gbé orílẹ̀-èdè yìí mọ ohun tí gbólóhùn yẹn túmọ̀ sí.

Bí àwo bá kún, a ó fi ẹ́ńsáìmù mìíràn tú àwọn sẹ́ẹ̀lì kúrò nílẹ̀, a ó pín wọn sí àwo tuntun. Èyí tí a kò bá lò báyìí ni a ń dì sínú nitrogen olómi, tí òtútù rẹ̀ jẹ́ 196 nísàlẹ̀ òdo, níbi tí yóò ti wà fún ọdún púpọ̀ bí ẹni tó sùn.

Sẹ́ẹ̀lì tó gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀

Bí a bá dúró síbi tí a dé yìí, ẹni tó ń gbọ́ yóò rò pé iṣẹ́ ti parí: sẹ́ẹ̀lì wà, ó ń bí sí i, kí ni ó tún kù? Ibẹ̀ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì aṣetọ́ tí a tẹ́ sílẹ̀ lórí ike pẹlẹbẹ máa ń gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, amylase tó ń ṣe a dín kù. Ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ a dàrú. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jọ àwọn sẹ́ẹ̀lì ògiri ojú ọ̀nà. Ó wà láàyè, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí a mú wá mọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe okùn ara, tí wọ́n bá a wọlé láti inú ègé ẹran náà, a máa yára bí sí i, wọn a sì bo àwo bí èpò ti ń bo ebè tí a kò ro.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó lóye. Nínú ara, sẹ́ẹ̀lì aṣetọ́ ò dá gbé. Aládùúgbò rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, wà lápá òsì. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ró. Ihò wà níwájú rẹ̀. Okùn ìmọ̀lára ń pè é. Ibi tí ó jókòó sí ni ó ń sọ irú ẹni tí ó jẹ́ fún un. Ike líle kò sọ nǹkan kan.

Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi kúrò lórí ohun pẹlẹbẹ, tí wọ́n sì ń fi sẹ́ẹ̀lì sínú ohun rírọ̀ tó dà bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì. Nínú rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì lè kó ara wọn jọ di ìṣù, kí ihò sì tún là láàrin wọn. Èyí tí wọ́n ń lò jù ni Matrigel, ṣùgbọ́n inú jẹjẹrẹ eku ni wọ́n ti ń yọ ọ́, a kò sì lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ara ènìyàn. Àwọn mìíràn ń lo hyaluronic acid, èròjà tó wà nínú ara wa tẹ́lẹ̀. Ó pọ̀ nínú ogbe àkùkọ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́ tà fún ọdún púpọ̀. A mọ̀ pé àwọn ará ilé wa tó ń ju ogbe àkùkọ sí ajá kò mọ̀ pé oògùn ni wọ́n ń jù.

Sẹ́ẹ̀lì ta ni èyí?

Ìtàn tí a fẹ́ sọ yìí ni ó mú wa kọ bébà yìí. Ní ọdún 1981, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Japan kéde pé àwọn ti rí sẹ́ẹ̀lì kan sìn láti inú ìsun abẹ́ àgbọ̀n ènìyàn tí ìtànṣán ti kàn. Wọ́n pè é ní HSG. Kò ṣòroó sìn, kì í kú, ó sì ń bí sí i láìdúró. Láti yàrá ìwádìí kan dé èkejì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá fẹ́ dán an wò bóyá ohun rírọ̀ kan yóò gba sẹ́ẹ̀lì ìsun itọ́, HSG ni ó sábà máa ń lò, àwọn tó fẹ́ kọ́ ìsun itọ́ àtọwọ́dá pàápàá sì bá a ṣiṣẹ́.

Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí láti Kánádà, Amẹ́ríkà àti Belgium tẹ àbájáde kan jáde. Wọ́n ti yẹ àmì ìdánimọ̀ inú DNA HSG wò, bí a ti ń yẹ ìka ọwọ́ wò. Kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì ìsun itọ́ rárá. HeLa ni.

Ta ni HeLa? Henrietta Lacks ni, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ìyá ọlọ́mọ márùn-ún, tí jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ pa ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 1951, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 31. Ní ilé-ìwòsàn Johns Hopkins ní ìlú Baltimore ni wọ́n ti mú ègé lára àrùn náà láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀. George Gey sin ín. Títí di ìgbà náà, sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí wọ́n bá sìn kì í pẹ́ kú. Èyí kò kú, bíi ọjọ́ kan ni ó fi ń di ìlọ́po méjì. Ní báyìí ó wà káàkiri ayé. Ìjọba Amẹ́ríkà, nípasẹ̀ àjọ NIH, bá ẹbí rẹ̀ ṣe àdéhùn ní ọdún 2013 lórí lílo àkọsílẹ̀ DNA rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Thermo Fisher sì bá wọn parí ẹjọ́ ní ọdún 2023.

Nítorí pé HeLa lágbára tó bẹ́ẹ̀, ìkán kan péré láti ẹnu ohun èlò tí a fi kan àwo méjì tó láti ba nǹkan jẹ́. Ìkán náà a bọ́ sínú àwo sẹ́ẹ̀lì mìíràn, HeLa a jẹ oúnjẹ rẹ̀, a bí sí i ju onílé lọ, nígbà tó bá sì ṣe díẹ̀ àlejò nìkan ni yóò kù nínú ilé. Orúkọ onílé ṣì wà lára àwo.

Kì í ṣe HSG ni ó kọ́kọ́ rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1966, Stanley Gartler dúró níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ó sì sọ fún wọn pé irú sẹ́ẹ̀lì 18 tí wọ́n gbà pé ara ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá ní ìrísí G6PD kan náà, èyí tí a ń pè ní A. G6PD yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ọ̀pọ̀ ìyá ní Nàìjíríà ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní ilé-ìwòsàn, nígbà tí nọ́ọ̀sì bá kìlọ̀ pé kí wọn má fi káńfọ̀ sáàrin aṣọ ọmọ tuntun. Ní Ìbàdàn, láti ọdún 1964 sí 1974, Lucio Luzzatto ará Ítálì ṣe iṣẹ́ pàtàkì lórí rẹ̀ àti bí ó ti kan ibà. Ìrísí A wọ́pọ̀ láàrin àwọn tí ìran wọn ti Áfíríkà wá. Àwọn aláwọ̀ funfun kì í sábà ní i. Púpọ̀ nínú àwọn 18 yẹn ni wọ́n sì sọ pé ara aláwọ̀ funfun ni ó ti wá. Gartler mọ obìnrin tí ó ni wọ́n. Inú àwọn tó gbọ́ kò dùn, àwọn kan sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ bí ẹni tí kò gbọ́.

Ohun tó dùn wá nínú ọ̀rọ̀ HSG ni pé ọdún 37 wà láàrin 1981 àti 2018. Àwọn tó lò ó kì í ṣe ọ̀lẹ. Orúkọ ni wọ́n gbà gbọ́. Àbájáde tí wọ́n kọ nípa bí sẹ́ẹ̀lì ìsun itọ́ ṣe ń fara mọ́ ohun rírọ̀ kan ti di àbájáde nípa jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ obìnrin kan. Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni ó fọ́. Àwọn tó ń mú sẹ́ẹ̀lì tuntun láti ara aláìsàn fúnra wọn ṣì dúró lórí ilẹ̀ tó le. Àwọn ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì púpọ̀ ti ń béèrè ẹ̀rí DNA báyìí kí wọn tó gba iṣẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ dé

Ní Groningen, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, Rob Coppes àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Dípò kí wọn máa bẹ sẹ́ẹ̀lì aṣetọ́ tó ti dàgbà pé kí ó má gbàgbé iṣẹ́, wọ́n ń wá sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, èyí tó lè bí oríṣiríṣi ọmọ. Wọ́n sìn ín ní ìṣù tó léfòó nínú oúnjẹ olómi. Ní ọdún 2008 wọ́n fi hàn pé bí a bá fi iye díẹ̀ nínú rẹ̀ sí ìsun itọ́ eku tí ìtànṣán ti bàjẹ́, itọ́ padà wá. Ní ọdún 2016 wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ láti ara ènìyàn ṣe é nínú eku, ó sì ṣiṣẹ́. Ẹwà ọ̀nà yìí ni pé a lè mú sẹ́ẹ̀lì náà kí ìtànṣán tó bẹ̀rẹ̀, kí a tọ́jú rẹ̀, kí a sì dá a padà fún ẹni kan náà lẹ́yìn ìtọ́jú. Ara rẹ̀ kò ní kọ̀ ọ́.

Ní Japan, ẹgbẹ́ Takashi Tsuji mú irúgbìn ìsun itọ́ láti inú ọlẹ̀ eku, wọ́n tò ó jọ, wọ́n sì fi sí eku àgbà tí a ti yọ ìsun tirẹ̀. Ní ọdún 2013 wọ́n ròyìn pé ìsun náà so mọ́ ojú ọ̀nà àti okùn ìmọ̀lára, àti pé bí eku náà bá tọ́ ohun kíkan wò, itọ́ sun. Ohun kíkan yẹn ni a fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí: kò tó kí omi jáde, àfi kí ó jáde nígbà tí ẹnu bá pè é. Ọlẹ̀ ènìyàn kò ṣeé lò bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọ̀nà náà kò lè bọ́ sí ilé-ìwòsàn tààrà.

Bruce Baum àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ fi sísìn sílẹ̀. Wọ́n gbé àpilẹ̀ṣẹ ilẹ̀kùn omi wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì ojú ọ̀nà tó ṣẹ́kù lára aláìsàn, kí àwọn wọ̀nyí lè máa jẹ́ kí omi kọjá. Nínú aláìsàn 11 tí wọ́n ròyìn ní ọdún 2012, itọ́ pọ̀ sí i lára mẹ́fà, márùn-ún nínú wọn sì sọ pé ara tu àwọn. Iye yẹn kéré, ṣùgbọ́n ènìyàn ni, kì í ṣe eku.

Ní Sókótó níhìn-ín, ilé-ìwòsàn àwọn ọmọ tí àrùn noma bá jà wà láti ọdún 1999, àjọ Médecins Sans Frontières sì ń ràn án lọ́wọ́ láti ọdún 2014. Noma ń jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ètè ọmọ tí oúnjẹ kò kánú. Nàìjíríà ló ṣaájú orílẹ̀-èdè 32 tó bẹ àjọ WHO pé kí ó kà á mọ́ àwọn àrùn tí a pa tì, WHO sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2023. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń tún ojú ṣe níbẹ̀, kì í ṣe sísin sẹ́ẹ̀lì: wọn a mú ẹran àti awọ láti ibòmíràn lára ọmọ náà. A mẹ́nu kàn án nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí ní itọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí yóò dá a dúró. Ẹni tó bá ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ nípa títún ìṣù ara ṣe kò ní láti fi àpẹẹrẹ dé Groningen kí ó tó rí èyí tó sún mọ́lé.

Nínú kíláàsì

Láàbù tí a fi ń sin sẹ́ẹ̀lì kò sí ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa. Síbẹ̀ ohun kan wà tí olùkọ́ lè ṣe pẹ̀lú ògì, itọ́ àti áyódíìnì tí a ń tà ní ilé oògùn. Kí ó se ògì kí ó ṣàn, kí ó jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó pín in sí ife mẹ́ta. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan tu itọ́ mímọ́ sí ife kìíní. Sí èkejì ni kí wọn da itọ́ ẹni kan náà tí a ti sè hó. Kí ẹ̀kẹta má gba nǹkan kan. Lẹ́yìn bíi ogún ìṣẹ́jú, kí wọn kán áyódíìnì sí díẹ̀ láti inú ife kọ̀ọ̀kan. Ife kejì àti ẹ̀kẹta yóò dúdú bí aró, nítorí ìyẹ̀fun ṣì wà níbẹ̀. Ife kìíní kò ní dúdú bẹ́ẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan fọwọ́ kan itọ́ tirẹ̀ nìkan.

Ní ọjọ́ kejì, kí olùkọ́ tún un ṣe, ṣùgbọ́n kí ó ti pààrọ̀ orúkọ ara ife kìíní àti ẹ̀kẹta kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé, kí ó má sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ìgbà tí a dán an wò, ìdajì kíláàsì kọ ohun tó wà lára ife sílẹ̀. Àwọn yòókù kọ ohun tí áyódíìnì fi hàn wọ́n, wọ́n sì wá bá wa pé àṣìṣe wà níbì kan.